Ọdún wo ni igún kúrò ní Ìkirè?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Swansea ní Wales ni mo ti ń kà á. Ọmọ mi ló máa ń bá mi ṣí i sórí fóònù.

Láìpẹ́ yìí, ẹnìkan kọ̀wé sí yín pé òjò kì í rọ̀ lásìkò mọ́, pé àwọn ẹyẹ tí òun bá láyé ti di àwátì. Kò pẹ́ tí ẹlòmíì fi dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé bí òjò ṣe ń rọ̀ láyé àwọn bàbá wa náà ló ń rọ̀. Mo ka lẹ́tà méjèèjì tán, mi ò rí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé "ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ní ìlú báyìí, ohun tí mo rí nìyí." Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ni yóò máa jàre.

Ìdí tí mo fi dá sí i ni pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo máa ń lọ yọ̀ǹda ara mi fún iṣẹ́ ní erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Skokholm, létí òkun Pembrokeshire ní Wales níbí. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 100 hẹ́kítà lọ. Òkúta pupa ni etí rẹ̀ yíká. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí mọ́tò, bí ìjì bá sì ń jà, ọkọ̀ ojú omi kò lè wá gbé ẹnikẹ́ni. Òfin ló ń dáàbò bo ibẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù yín wò dáadáa kí eku má baà bá yín dé ọ̀hún, nítorí inú ihò ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ibẹ̀ ń yé sí. Bí eku ńlá mélòó kan bá gòkè síbẹ̀, ẹyin àti ọmọ ẹyẹ dáràn.

Lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, a ó kóra jọ sínú yàrá kan nínú ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó erékùṣù náà á ṣí ìwé, á máa pe orúkọ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á máa sọ iye tó rí lọ́jọ́ náà. Ẹ má rò pé eré ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pe alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Mo ní mo rí mẹ́rin lẹ́bàá kànga. Ọkùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní òun rí mẹ́ta lórí òrùlé. Wọ́n bi wá: aago mélòó? Ibo ni wọ́n dorí kọ? Ṣé ìrù èyíkéyìí nínú wọn gùn ju ti ìyókù lọ? Nígbà tí wọ́n wádìí tán, mẹ́rin ni wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe méje, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn kan náà ni àwa méjèèjì rí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Bí wọ́n bá pe orúkọ tí kò sẹ́ni tó fèsì, òdo nìyẹn, òdo náà sì níyì níbẹ̀. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ tí kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, tí a kò rí ju ẹyẹ ìwò lọ, wọ́n á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ẹyẹ, ojú ọjọ́ ló kàn: ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, agbára rẹ̀ láti 0 dé 12, iye òjò ní mìlímítà, bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó lórí òkun. Wọ́n á pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n á sọ mélòó tí ìkúukùu bò nínú rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ẹyẹ kan ìkúukùu. Ẹyẹ òkun kan wà tó ń jẹ́ Manx shearwater, tó dúdú lẹ́yìn, tó funfun nínú. Nǹkan bí ìdajì gbogbo irú rẹ̀ tó wà láyé ló ń yé sí Skokholm, Skomer àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, ẹ lè rin Skokholm já kí ẹ má fojú kan ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú tọkọtaya wà nínú ihò, ó ń sàba lé ẹyin kan ṣoṣo tí wọ́n ń yé lọ́dún. Ìkejì wà lójú òkun. Òru ni wọ́n ń wọlé, kí àwọn ẹyẹ òkun ńlá tó ń pa wọ́n jẹ má baà rí wọn. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ kedere, díẹ̀ ni yóò gúnlẹ̀. Bí ìkúukùu bá wá bo ojú ọ̀run, tí òjò wẹ́liwẹ̀li ń ṣẹ́, há à! Ariwo tí wọ́n ń pa kò ṣeé sọ. Wọ́n ń han, wọ́n ń hó, lókè, nílẹ̀, àti nínú ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Èmi tí wọ́n bí ní Ìkirè, lóru tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Sáàmù 91 ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ọ̀kan já lulẹ̀ gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi. Ẹ̀yìn pátápátá, nítòsí ìrù, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, kò lè nàró. Àyà ló fi ń wọ́, ó ń fi ìyẹ́ méjèèjì ti ilẹ̀, á sinmi díẹ̀, á tún wọ́. Ihò tó wà níwájú rẹ̀ kò lóǹkà, gbogbo wọn jọra lójú mi. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀kan, ó kọjá lẹ́nu ìkejì, ó wọ ìkẹta láìwo ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí èyí tó wà nínú ilé dá a lóhùn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ òṣùpá àti ìkúukùu sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú ẹyẹ. Bí wọ́n bá rí díẹ̀ lálẹ́ kan, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ ló dín kù ni tàbí òṣùpá ló mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin ará Wales kan, Ronald Lockley, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹyẹ yìí ní Skokholm. Ó lọ ń gbé ibẹ̀ ní 1927, ehoro ló fẹ́ fi ṣòwò, òwò náà kò lójú. Ẹyẹ ló wá gbà á lọ́kàn. Ní 1933 ó sọ Skokholm di ibùdó ìṣọ́ ẹyẹ àkọ́kọ́ ní gbogbo Britain. Ogun Hitler dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún rọlẹ̀ lẹ́yìn 1976, wọ́n tún gbé e dìde. Ní 1952, wọ́n mú shearwater kan níbẹ̀, wọ́n fi bàálù gbé e dé Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n tú u sílẹ̀. Ọjọ́ 12 àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ó ti padà dé inú ihò rẹ̀, ó ti fò ju 3,000 máìlì lọ. Lẹ́tà tí wọ́n kọ láti Boston láti fi sọ pé àwọn ti tú u sílẹ̀ kò tíì dé. Bí kò bá sí ẹni tó kọ ọjọ́ tó kúrò àti ọjọ́ tó dé sílẹ̀, ta ni ì bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo èyí fún àbúrò mi ọkùnrin ní Ìkirè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jẹun yó ni." Ó ní ẹni tí iná ìjọba kò tàn nílé rẹ̀ kò ráyè ka ẹyẹ. Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà lásán. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 1996, ọkọ̀ epo kan tó ń jẹ́ Sea Empress forí sọ àpáta lẹ́nu ọ̀nà èbúté Milford Haven, tí kò jìnnà sí Skokholm, 72,000 tọ́ọ̀nù epo rọ̀bì sì dà sókun. Àwọn tó fẹ́ mọ ohun tí epo náà bà jẹ́ ní iye ẹyẹ tí wọ́n ti kà lọ́dún àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́ láti fi wé e. Àwọn ará Ìlàjẹ tí epo ti ba omi wọn jẹ́ ńkọ́? Ìwé wo ni wọn yóò gbé síwájú adájọ́, tí yóò sọ ẹja àti ẹyẹ tó wà níbẹ̀ kí epo tó dé? Ní 2022 náà, àrùn fúlùù ẹyẹ wọ Grassholm, erékùṣù tí à ń rí lókèèrè láti Skokholm, tí ẹyẹ òkun ńlá funfun tí wọ́n ń pè ní gannet mú kó funfun. Lọ́dún kejì, nǹkan bí ìdajì wọn ti dàwátì. Nítorí pé wọ́n ti kà wọ́n ṣáájú ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìdajì ni.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún pọ̀ ní Ìkirè níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Láàárọ̀, orí páànù ni wọ́n máa ń tò sí, wọ́n á na ìyẹ́ sí oòrùn. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Lónìí, orí rẹ̀ wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta èlò egbòogi, a kò sì rí i lórí òrùlé mọ́. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti fi igún tiwa yìí sára àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run láyé.

Mo bi àbúrò mi léèrè pé ọdún wo ni igún kúrò ní Ìkirè. Ó ní ayé Abacha ni. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní rárá o, ó ti ṣáájú ìgbà yẹn. Bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ní igún kò lọ síbì kankan, àwa la kò wòkè mọ́. Igún kì í ṣe ẹyẹ tí ojú ń fò. Ẹyẹ tó tó bẹ́ẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú, gbogbo ìlú kò lè sọ ọdún tó lọ.

Bàbá mi dá oko kókó. Ìwé kan wà tó máa ń kọ iye àpò tó tà sí, àti gbèsè tí àwọn tó ń ra kókó jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan tí òjò wọ inú rẹ̀, ohun tó kọ ni pé òjò kò jẹ́ kí kókó gbẹ, owó sì dín. Bàbá mi mọ òjò ju owó lọ o. Ó lè gbóòórùn àkọ́rọ̀ kó tó ṣú. Ṣùgbọ́n owó ló kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ má bínú sí mi: òjò kì í wọ ìwé ìròyìn yín àfi bó bá ṣí òrùlé ilé ìwé.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kò sùn. NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń sọ bí òjò yóò ṣe rí lọ́dọọdún, àwọn kan sì ti ń ya àwòrán ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà láti 2015. Wọn ò lè dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa. Ẹyẹ kan wà, ìbátan ẹ̀ga, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ibadan malimbe. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Mélòó nínú àwọn ará Ìbàdàn ló mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú àwọn?

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ fún àwọn òǹkàwé ní igun kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí ẹ ń fún ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lójú ìwé ẹ̀yìn tó. Kí wọ́n kọ ìlú àti ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ rọ̀, ìgbà tí àrọ̀kúrò parí, òwúrọ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé, ọjọ́ tí lékeléke yọ, tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bá ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sábẹ́ bíríìjì wọn. Ẹni tó wò tí kò rí nǹkan kan, kó kọ̀wé pé òun wò, òun kò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ tirẹ̀ dànù kí ẹ lè rí àyè fún ẹni tó ní òun rí abàmì ẹyẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ wọn òjò kò nílò irinṣẹ́ òyìnbó. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò, ni kó gbé sí gbangba níbi tí igi tàbí òrùlé kò bò, kó sì fi nǹkan dì í mú kí ewúrẹ́ má baà dà á nù. Láràárọ̀, ní aago kan náà, kó ti rúlà bọ̀ ọ́, kó kọ iye rẹ̀, kó da omi náà nù. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Bó bá lè bẹ̀rẹ̀ kí àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ yìí tó dé, inú mi yóò dùn. Àbúrò mi ti gbà láti máa wọn ti Ìkirè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí n fi owó agolo àti owó rúlà ránṣẹ́.

Ọmọ Ìkirè, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Swansea, Wales