Àjàní ọmọ mi, nípa aràn tó ń bá àwọn awó ẹ jà

Àjàní ọkọ mi,

Mo rí fídíò tó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo wò ó, mo tún un wò, mo tiẹ̀ gbé fóònù sún mọ́ etí kí n lè gbọ́ ohùn wọn dáadáa. Àwọn ọmọ awó yẹn ń na ọrùn sókè, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń gbọnrí bíi pé nǹkan há wọn lọ́fun, nǹkan sì há wọn lọ́fun lóòótọ́. O ní ẹnì kan lọ́jà ní kó o ra oògùn aràn tí èèyàn ń lò, kó o lọ̀ ọ́, kó o dà á sómi wọn. Jọ̀ọ́ má ṣe é. Má da nǹkan kan sómi títí wàá fi ka ohun tí mo kọ yìí tán.

Kọ́kọ́ rí i dájú pé aràn ni. Tóòrùn bá mú lọ́sàn-án, awó tára ẹ̀ le pàápàá máa ń la ẹnu, ooru ló ń mú un. Ìdájí ni kó o lọ wò wọ́n, kílẹ̀ tó gbóná, èyí tó bá ṣì ń la ẹnu nígbà yẹn ni kó o yà sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń kú lọ rẹrẹ, tí ọrùn àwọn míì ń lọ́, tí ìgbẹ́ wọn ń yọ àwọ̀ ewé, ìyẹn lè jẹ́ lùkúlùkú, oògùn aràn ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i, dókítà ẹran ni kó o sáré pè. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí nínú fídíò, ọmọ awó tí ò tíì pé oṣù méjì, lásìkò òjò, lórí ilẹ̀ tó rin gbindin, aràn gògóńgò ló jọ lójú tèmi.

Bí ọ̀kan bá kú, má jù ú sígbó. Lọ́jọ́ yẹn náà, fi sísọ́ọ̀sì la gògóńgò ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀ wàá fojú ara ẹ rí wọn, wọ́n á pupa torí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu, akọ á lẹ̀ mọ́ abo pinpin, kì í fi í sílẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi máa ń jọ lẹ́tà Y. Lẹ́yìn náà kó o sin òkú ẹ̀ jìn, kó o fọwọ́ dáadáa.

Wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí tó o bá mọ èyí o ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Inú gògóńgò ni aràn yẹn ti ń yé ẹyin, awó á wúkọ́, á gbé ẹyin yẹn mì, á yà á mọ́ ìgbẹ́. Ilẹ̀ tó tutù ni ẹyin yẹn fẹ́, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà, ekòló á jẹ ẹ́, ìgbín àti àwọn nǹkan tó ń fà nílẹ̀ á jẹ ẹ́, awó míì á wá tan ilẹ̀, á ṣa ekòló jẹ, ó di tiẹ̀ nìyẹn. Aràn yìí lè wà nínú ekòló fún ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìkú! Torí náà oògùn tó o máa fún wọn, èyí tó wà lára awó ló máa pa, kò ní pa èyí tó wà nínú ilẹ̀. Ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ kọ̀wé sí ẹ gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ra oògùn lónìí, á tún rà á lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ní oògùn ò dáa, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń dá awó padà sí.

Àbúrò mi tó wà ní England sọ fún mi pé àwọn tó ń sin pheasant, ẹyẹ kan tó jọ adìẹ, fún ọdẹ lọ́hùn-ún, aràn gògóńgò yìí kan náà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, inú oúnjẹ ni wọ́n ń po oògùn aràn kan tó ń jẹ́ Flubendazole sí fún ọjọ́ méje gbáko. Ìwọ náà, tí dókítà bá ní ọjọ́ báyìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o lò ó, má dá a dúró torí pé wọ́n ti ń jẹun.

Ṣà lára ìgbẹ́ tútù láti ojú ibi mélòó kan, kó o dì í sí nylon, kó o gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta, wọ́n á fi máíkírósíkóòpù wò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n gbogbo oògùn kọ́ ló ń pa gbogbo aràn. Piperazine tó pọ̀ nígboro, aràn funfun ńlá inú ìfun nìkan ló ń bá wí, kò kan ti gògóńgò rárá. Levamisole ń pa ti gògóńgò àti ti ìfun, àmọ́ aràn pẹlẹbẹ tó gùn bíi téèpù, kò lè fọwọ́ kàn án.

Ká wá sọ pé Levamisole ni dókítà kọ fún ẹ. Wọn awó ẹ, má fojú díwọ̀n. Kó mẹ́wàá sínú apẹ̀rẹ̀, gbé e sórí síkéèlì, yọ ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ kúrò, pín in sọ́nà mẹ́wàá. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ gíráàmù 400, tí wọ́n sì jẹ́ 60, kílò 24 nìyẹn, tí dókítà bá ní mílígíráàmù 20 fún kílò kan, mílígíráàmù 480 lo máa lò fún gbogbo wọn, oògùn gan-an ni mò ń sọ o, kì í ṣe ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, torí wọ́n máa ń fi nǹkan míì lú u, ka ara páálí ẹ̀ dáadáa. Tó bá kéré jù, aràn tí ò kú á mọ oògùn náà lára. Gbé omi kúrò nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ń wọlé sùn, láàárọ̀ kùtùkùtù kó o gbé omi oògùn fún wọn, ìwọ̀nba tí wọ́n máa mu tán kí oòrùn tó gòkè, torí ó korò, tí òùngbẹ ò bá gbẹ wọ́n wọn ò ní mu ún. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, bi dókítà bóyá kó o tún un ṣe, torí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ aràn tí wọ́n bá tún ṣà jẹ ti lè máa yé ẹyin.

Ilẹ̀ ńkọ́? Gbé ilé wọn kúrò níbi tó wà yẹn, omi ń dúró síbẹ̀, mo rí i. Àwọn ọmọ tó bá tún pa, má jẹ́ kí wọ́n tẹ ilẹ̀ títí wọ́n á fi tó oṣù méjì, orí sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n wà, kó o máa pààrọ̀ ìyẹ̀fun pákó tó o tẹ́ sábẹ́ wọn kó tó tutù. Inú abọ́ ni kó o máa bu oúnjẹ sí, má fọ́n ọn sílẹ̀ mọ́. Ikán ni mo fi ń tọ́ tèmi, ekòló rárá. Tòlótòló tó o ní o fẹ́ rà yẹn, má kó o mọ́ adìẹ, adìẹ lè gbé aràn kan sínú tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àìsàn tó máa ti ara aràn yẹn bọ́ sára tòlótòló á jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ run ni, ó sì lè mú awó náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹyin. Àwọn àgbà awó tó ń yé, tí wọ́n bá mu nínú omi yẹn, má ta ẹyin wọn, má sì jẹ ẹ́, títí ọjọ́ tí dókítà bá dá fún ẹ á fi pé. Mo mọ̀ pé ìyá tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ ẹ á máa pè ẹ́. Sọ òótọ́ fún un, ó lọ́mọ kékeré nílé. Iye tó o bá pàdánù, fi sí tẹ́ẹ̀sì, màá wá nǹkan ṣe sí i. Tó o bá sì ti ń gbé ìgbẹ́ yẹn lọ sí Ìbàdàn, pè mí kó o tó wọ mọ́tò.

Èmi ni,
Ìyá ẹ