Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ilé koríko tí mo wọ̀ ní Japan

Nagoya,
Ọjọ́ 9, oṣù Bélú

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí o ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé Bàbá Àgbà ní Ìsẹ́yìn, pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, n ò sì fèsì. Kì í ṣe pé mo fojú di ọ̀rọ̀ náà. Ó wúwo lẹ́nu mi ni. Ó di Sátidé tó kọjá kí n tó rí ibi tí mo lè gbà mú un.

Mo lọ sí Ogimachi, abúlé kan láàárín àwọn òkè ní ìpínlẹ̀ Gifu, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Shirakawa-go. Bọ́ọ̀sì gbé wa fún bí wákàtí mẹ́ta láti Nagoya, inú ihò tí wọ́n lu gba abẹ́ òkè kọjá la sì ti lo èyí tó pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ń parí lọ. Ọ̀kan nínú wọn gùn ju kìlómítà 10 lọ. Mo ń ka iná ara ògiri rẹ̀ títí oorun fi gbé mi. Ìgbà tí mo lajú, òkè ti yí wa ká, ewé igi ti pọ́n bí epo, àwọn ilé náà sì dúró láàárín oko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè tán.

Bí o bá fẹ́ mọ bí ilé náà ṣe rí, pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, kí o wá ya ìsàlẹ̀ wọn sọ́tọ̀. Bí òrùlé wọn ṣe rí nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n sì fi ń pè é nìyẹn, gassho, ọwọ́ tí a pa pọ̀ fún àdúrà. Koríko ni wọ́n fi bò ó láti ṣóńṣó dé ìsàlẹ̀, ó sì nípọn débi pé bí o bá ki apá bọ̀ ọ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Nítorí yìnyín ni wọ́n ṣe mú un dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù, yìnyín ibẹ̀ máa ń ga ju ènìyàn lọ, òrùlé tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní gbé e.

Ìyá kan tó ti lé ní ọdún 70 ló fi wá mọ̀nà. Abúlé yẹn ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n lọ́kọ sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn tí ẹ kò bá rí i kí n ṣí, ẹ má ṣí i.” Wọ́n ní àwọn ń jẹun alẹ́ lọ́jọ́ kan, àlejò kan ṣáà wọlé tọ àwọn wá, ó ń ya àwo ọbẹ̀ àwọn ní fọ́tò. Ó rò pé ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ni gbogbo abúlé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ènìyàn tó ń gbé ní Shirakawa kò ju bí 1,500 lọ, àlejò tó ń wá lọ́dún kan sì lé ní mílíọ̀nù kan. Láti 1995 tí àjọ UNESCO ti kọ orúkọ ibẹ̀, pẹ̀lú abúlé Ainokura àti Suganuma ní àdúgbò Gokayama, mọ́ ogún gbogbo aráyé, ojú ò tún gbélẹ̀ lára wọn mọ́.

(Mo rí àwọn ilé kéékèèké kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo ní ilé adìẹ nìyí. Ẹ̀rọ tí ń tu omi síta bí iná bá ṣẹ́ yọ ló wà nínú wọn! Ojú tì mí.)

Ilé Wada la wọ̀, èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí àlejò lè wọ̀. A bọ́ bàtà, pákó ilẹ̀ sì tutù wọ egungun. Láàárín yàrá ni wọ́n gbẹ́ ààrò sí, inú ilẹ̀ ni iná wà, kẹ́tùlù dúdú kan sì so rọ̀ lé e lórí láti àjà. Kò sí ọ̀nà èéfín rárá. Èéfín á kàn gba àlàfo ilẹ̀ àjà gòkè, á wọ inú koríko, á pa kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, á sì gbẹ ọ̀rinrin rẹ̀. Ìyá ní ilé tí ààrò rẹ̀ bá ti tutù, òrùlé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Òórùn ibẹ̀, Àbẹ̀kẹ́! Ilé ìdáná Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá yan ẹja gẹ́lẹ́.

A gun àkàbà lọ sókè àjà, mo sì fi orí gbá igi ní àgbékà kejì. Kò sí ìṣó kan nínú òrùlé yẹn. Okùn koríko àti ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n lọ́ ni wọ́n fi di gbogbo rẹ̀, èéfín sì ti sọ ìdè náà di dúdú, ó le bí irin. Wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ àwọn òpó òrùlé ní ṣóńṣó, wọ́n kàn tì í bọ ihò lára igi ìdábùú ni. Wọn ò kàn án mọ́ ibẹ̀, kí ilé lè mì díẹ̀ bí atẹ́gùn bá dé, kó má baà ṣẹ́.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sìn lókè yẹn láyé àtijọ́? Kòkòrò tó ń pọ òwú sílíìkì. Bàbá Àgbà tó máa ń sọ pé sányán ni baba aṣọ ló sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti ń wá òwú ti sányán wá fún tiwa, àmọ́ ní ti àwọn wọ̀nyí, àgbékà mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kòkòrò, ènìyàn ń sùn nísàlẹ̀. Ìyá ní bí ilẹ̀ bá ṣú nígbà èwe àwọn, bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé lókè a máa dún bí òjò wínníwínní. Ìgbẹ́ kòkòrò náà gan-an kò ṣòfò nígbà náà. Wọ́n á pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti ewé igbó, wọ́n á rì í sábẹ́ ilẹ̀ ilé fún ọdún mélòó kan, èròjà ètù ìbọn ni yóò dà. Òwò tó sọ ìdílé Wada di olówó nìyẹn. Ní Gokayama, ìdílé Maeda tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Kaga nígbà náà ló ń gbà á. Ṣé o rí i, orí ètù ìbọn ni ọmọ ń sùn!

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Bí ọdún 30 sí 40, wọ́n gbọ́dọ̀ tú koríko náà kúrò kí wọ́n sì bo òrùlé lákọ̀tun. Agbára ìdílé kan kò ká a. Yui ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe, àáró ni, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ènìyàn 100 tàbí 200 á gun apá kan òrùlé lóòjọ́, àwọn obìnrin á máa se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló mú ìdì koríko mélòó wá, ta ló mú okùn wá, ta ló fi ọjọ́ mélòó ṣiṣẹ́. Bí ọdún 30 bá pé tó kan tìrẹ, ìwọ náà á san iye rẹ̀, bí o bá sì ti kú, ọmọ rẹ á san án. Mo fẹ́ sọ fún Ìyá nípa ọdún Bẹẹrẹ, bí wọ́n ṣe ń ru koríko wá bo ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n èdè wọn tí mo gbọ́ kò gbé mi débẹ̀. Wọ́n ṣáà ń mi orí.

Lóde òní, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ló ń bo púpọ̀ nínú àwọn òrùlé náà, ìjọba ń dá sí owó rẹ̀. Ìyá ò fi èyí pa mọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun, àwọn ìdídò ńlá tí wọ́n kọ́ fún iná mànàmáná bo ọ̀pọ̀ abúlé mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odò tó gba àdúgbò náà kọjá, àwọn mìíràn tú ilé wọn tà fún ará ìlú ńlá tó fẹ́ fi ṣe ilé oúnjẹ. Ìgbà tí ará Ogimachi rí i pé ilé ń tán lọ, wọ́n ṣèpàdé ní 1971, wọ́n fi òfin mẹ́ta lélẹ̀: má tà á, má fi háyà, má wó o.

Ìwọ lo sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá sì dákẹ́ síbẹ̀, irọ́ ni mo pa fún ọ, torí nígbà tí a ń jáde, mo bi Ìyá pé ta ló ń bá wọn gbé ilé tiwọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn kan ṣoṣo wà ní Nagoya, kò jìnnà sí mi. “A ò ní tà á,” ni wọ́n wí. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń ki í bọ bàtà. “Ta ni yóò máa dá iná rẹ̀?”

Nítorí náà, n kò lè jókòó sí Nagoya kí n máa pàṣẹ pé kí ẹ má ta ilé. Ẹ̀yin lẹ ń san owó ilẹ̀, ẹ̀yin lòjò ń pa. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni mo fi sùn lábẹ́ òrùlé yẹn nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo jẹ àmàlà Ìyá Àgbà, mo ń gbọ́ òfì Bàbá Àgbà láàárọ̀ kí n tó dìde, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Kí ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ tó pàdé, jọ̀ọ́ dé ibẹ̀, kí o wò ó bóyá àwọn òpó abà òfì yẹn ṣì dúró, kí o ya àjà ní fọ́tò fún mi.

Bí ẹ bá tà á, ó ti parí. Bí ẹ ò bá tà á, bọ́ńdù páànù méjì wà lọ́rùn mi. Mú ìwé kan, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi ọjọ́ sí i.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́