Lẹ́tà sí Ọdẹ́wálé lórí ẹran tí mo fẹ́ lọ dẹ ní Colorado

Houston, Texas
Oṣù Kẹjọ

Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́wálé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá Tọ́lá àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti rọlẹ̀? Inú mi dùn nígbà tí o sọ pé òjò rọ̀ déédéé ní Ìgbòho lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé iṣu tuntun ti délé.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló wà nínú pípa ẹran kan ṣoṣo tí mo fi ń múra rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èsì rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Jọ̀wọ́ bá mi kà á sí etí Bàbá, torí pé ìdajì ohun tó wà níbẹ̀, àwọn gan-an ni mo ń bá sọ ọ́.

Élíkì ni wọ́n ń pe ẹran náà. Ìran àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n ó tóbi bí ẹṣin. Akọ rẹ̀ tó bá ti gbó dáadáa lè wọn 300 kílò, ìwo rẹ̀ a sì máa yọ ẹ̀ka. Ọdọọdún ni ìwo yẹn ń bọ́ dànù tí òmíràn á tún hù. Ní Texas níbí, àgbọ̀nrín onírù funfun la sábà máa ń dẹ, orí ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni, nítorí pé ó lé ní ìdá 90 nínú 100 ilẹ̀ Texas tó jẹ́ ti aládàáni. Ènìyàn á sanwó fún onílẹ̀, á jókòó sínú ahéré kékeré, wọ́n á da àgbàdo sílẹ̀, ẹran á wá jẹ ẹ́. Mo ti rí ẹran jẹ níbẹ̀, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọdẹ tí Bàbá ń ṣe, tí ènìyàn á fẹsẹ̀ wá ẹran dé ibi tó ń gbé, òun ló ń wù mí láti ìgbà tí èmi pẹ̀lú rẹ ti ń tẹ̀ lé wọn lọ wo tàkúté. Colorado ni mo ti lè ṣe é. Igbó ìjọba pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ lè wọ̀ ọ́ láìsan kọ́bọ̀ fún onílẹ̀ kankan. Élíkì ibẹ̀ sì ju ti ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lọ ní Amẹ́ríkà, ó tó 280,000.

Ẹ̀kọ́ ọdẹ ló ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọdún 1949 wá gbọ́dọ̀ ti gbà á kí Colorado tó ta ìwé àṣẹ fún un, èyí tí mo ṣe ní Texas sì tó. Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkíní, kí ènìyàn fi orúkọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Àwọn agbègbè kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ti ń fi orúkọ sílẹ̀ láti ogún ọdún ni kèké ń mú. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́, fún àsìkò kejì àti ìkẹta nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọdẹ ìbọn, tó máa ń bọ́ sí òpin oṣù Kẹwàá àti inú oṣù Kọkànlá. Ọ̀nà kejì yìí la gbà, àsìkò kejì la sì mú. Fún àlejò láti ìpínlẹ̀ míì, owó rẹ̀ lé ní 700 dọ́là. Akọ nìkan ni ìwé náà gbà wá láyè láti pa, kì í sì í ṣe gbogbo akọ: ní ọ̀pọ̀ agbègbè, ìwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ẹ̀ka tó yọ síwájú orí rẹ̀ gùn tó íǹṣì márùn-ún. Ọdẹ á fi awò wò ó dáadáa kó tó fọwọ́ kan ìbọn.

Owó yẹn pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n sọ èyí fún Bàbá, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé igbó ti ṣófo, pé ẹfọ̀n àti ìrá tí àwọn mọ̀ nígbà èwe kò sí mọ́ àfi nínú Páàkì Ọ̀yọ́-Ilé. Colorado náà ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, élíkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run níbẹ̀, nítorí pé àwọn ọdẹ tó ń pa á tà fún àwọn awakùsà kò dá ọwọ́ dúró. Wọ́n fòfin de pípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kó òmíràn wá láti Wyoming, wọ́n ń kà á, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Láti 1937 ni òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti ní kí owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn gígùn àti ọta, tó jẹ́ ìdá 11 nínú 100 iye owó wọn lónìí, máa lọ sí ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Ẹran tó kù díẹ̀ kó parẹ́ ni mo fẹ́ lọ dẹ yìí. Ó wù mí kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìrá tiwa, n kò sì gbà pé ó ti pẹ́ jù.

Wàyí o, ohun tó gbà mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bí ẹran yóò ṣe kúrò nínú igbó. Ká ní 300 kílò wó lulẹ̀ síbi tí mọ́tò kò lè dé, tí kò sí ọ̀kadà, tí kò sí ẹni tí a lè bẹ̀ lọ́wẹ̀, ta ni yóò rù ú? Apá kan wà nínú igbó ìjọba yẹn tí òfin kò gba ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì láàyè, ẹṣin tàbí ẹsẹ̀ nìkan ni. Mo tẹ́ máàpù sílẹ̀, mo fa ìlà yí gbogbo ojú ọ̀nà ká: máìlì méjì, a ò ní kọjá ibẹ̀. Àwọn tó ti lọ rí sọ pé tí ìbọn bá ti ń dún, ẹran á sá jìnnà sí ojú ọ̀nà, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, bí mo bá rí akọ tó dára jù lọ ní máìlì márùn-ún, tí ọ̀gbun wà láàárín èmi àti ọkọ̀, màá wò ó tẹ́rùn, màá sì fi í sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ènìyàn pa ẹran kó jẹ́ kó bàjẹ́, Bàbá kò sì nílò òfin kankan láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A jẹ́ mẹ́ta: èmi, Mark aládùúgbò mi tó ti lọ síbẹ̀ rí, àti Ẹ̀gbọ́n Délé, ará Iléṣà tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mark ti fi bí a ó ṣe kun ún hàn mí lára àgbọ̀nrín. A ò ní la ikùn rẹ̀ rárá. A ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó fi ọ̀bẹ la awọ láti ẹ̀yìn ọrùn gba orí ọ̀pá ẹ̀yìn dé ìdí, a ó bó o wálẹ̀ dé ikùn. Apá iwájú kò ní oríkèé tó so ó mọ́ àyà, ẹran lásán ló dì í mú, nítorí náà ọ̀bẹ tó mú á tètè gé e kúrò. Itan ẹ̀yìn ló gba sùúrù. Ènìyàn á máa gé tẹ̀ lé egungun ìbàdí títí tí yóò fi kan oríkèé roboto yẹn, á ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, á gbọ́ ọ tó ró “pó”, itan á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹran gígùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹran ọrùn, àti èyí tó rọ̀ jù lọ, tó fara pamọ́ sínú, tí ènìyàn á nawọ́ gba ẹ̀yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn kó tó kàn án. A ó yí i padà, a ó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á wọ àpò aṣọ fẹ́lẹ́, a ó so ó kọ́ igi níbi tí oòrùn kò dé. Ohun tí yóò fi hàn pé akọ ni gbọ́dọ̀ wà lára ẹran bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn agbófinró igbó.

Awọ ni ọ̀tá wa. Irun élíkì nípọn nítorí òtútù. Tí a kò bá tètè bó o, ooru ara rẹ̀ á há mọ́ inú itan, ẹran tó sún mọ́ egungun á sì kan, kódà bí sínóò bò ó mọ́lẹ̀. Itan ẹ̀yìn kan lè tó 30 kílò pẹ̀lú egungun. Àwa mẹ́ta á lọ, á bọ̀, a ó tún lọ, kí gbogbo rẹ̀ tó dé ìdí ọkọ̀. Nítorí náà ni a fi fẹnu kò pé tí ẹran ẹnì kan bá ti wó, àwọn tó kù á gbé ìbọn tiwọn sílẹ̀ títí ẹran yẹn á fi wọnú kúlà.

Ibi gíga náà tún ńkọ́? Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kan níbí tí ènìyàn lè fi dánra wò. Mo máa ń pọ̀n àpò tí mo ki iyanrìn sí sẹ́yìn, màá máa gun àtẹ̀gùn ilé ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní ibi iṣẹ́ wa lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ. Pagosa Springs, ìlú tí a ó dé sí, ga ju 7,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ibi tí ẹran wà sì lè tó 10,000. Rántí Òkè Ìdànrè, tí a gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 tí o jókòó sílẹ̀ tí o ń wá omi. Nǹkan bí 3,000 ni òun. Ní 10,000, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú á ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta: orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á kọ̀. A ó tètè dé ìlú náà kí ara lè mọ́ ọn, a ó máa mu omi dáadáa, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ń le sí i, ìsàlẹ̀ ni yóò bọ́ sí lójú ẹsẹ̀. A ti gbà pé kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Aṣọ òwú náà kò ní bá wa dé òkè, torí pé tó bá ti tutù kì í gbẹ, òtútù a sì gbà á wọnú ara. Aṣọ irun àgùntàn la rà.

Ẹ̀wù òkè wá nìyí, yóò ya Bàbá lẹ́nu. Gbérí tiwọn jẹ́ kí wọ́n dà bí ìgbẹ́ gan-an. Níbẹ̀, òfin ní kí ọdẹ tó gbé ìbọn wọ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yanran, ó kéré tán 500 íǹṣì onígun mẹ́rin lókè ìbàdí, pẹ̀lú fìlà àwọ̀ kan náà. Ojú élíkì kò rí àwọ̀ yẹn bí tiwa ṣe ń rí i, ọdẹ méjì kò sì ní fi ara wọn pe ẹran. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí ìwọ náà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko Ọ̀gbẹ́ni tí a jọ mọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Bàbá tó ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú mi láìyí padà. O rántí bí wọ́n ṣe máa ń bu erùpẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kó máa dà láàárín ìka, tí wọ́n á sì yí ọ̀nà padà láìsọ̀rọ̀. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ ní àkókò tirẹ̀. Láàárọ̀ tí ilẹ̀ tutù, ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́ sí. Tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, á yí sókè. Lálẹ́, á tún padà sísàlẹ̀. Ẹran á jẹko ní pápá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, á lọ dùbúlẹ̀ sínú igi ṣíṣú lọ́sàn-án. Ètò mi ni kí n máa gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó yí afẹ́fẹ́ dà. Ìgò lúbúlúbú kékeré tí wọ́n fi ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni mo rà, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ náà ń bẹ nílẹ̀. Ìbọn mi, oríṣi tó ń lo ọta .308 ni, mo sì ti pinnu pé ohun tó bá kọjá 200 yáàdì kì í ṣe tèmi.

Láti ibí dé ibẹ̀ lé ní 1,000 máìlì: Dallas, Amarillo, ká gba New Mexico wọlé. Nígbà tí a bá ń bọ̀, Texas kò gbà kí a kó ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn wọlé, nítorí àrùn kan tó ń jẹ ọpọlọ élíkì àti àgbọ̀nrín, tó ń mú kí wọ́n rù títí wọ́n á fi kú. A ó yọ ẹran kúrò lára egungun níbẹ̀. Ènìyàn lè fi orí ẹran sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, a ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì rí ẹni tí àrùn náà ràn, ṣùgbọ́n àwọn elétò ìlera ní kí wọ́n má jẹ ẹran tó bá ní in, n kò sì ní gbé ohun tí kò dá mi lójú síwájú àwọn ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ láàárín àwa mẹ́ta, òun ni mo fẹ́ kí o bi Bàbá. Mark ní kí a pín ẹran sí mẹ́ta ọgbọọgba, ẹni yòówù kó yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n Délé ní ẹni tó pa á gbọ́dọ̀ mú itan kan kí a tó pín ìyókù. Èmi rò pé ẹni tó rù ú jìnnà jù yẹ kó ní nǹkan kan lọ́tọ̀. Nígbà tí Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bá jọ lọ, báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Kí ni ti ẹni tó pa á, kí ni ti ẹni tó bá a rù ú, kí sì ni ti ẹni tí kò rí ohunkóhun pa? Gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́ kí oṣù Kẹwàá tó wọlé, kí Ẹ̀gbọ́n Délé lè gbọ́ ọ.

Bá mi kí Bàbá kí wọ́n fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́. Kí o sì kí Ìyá Tọ́lá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní