Wọ́n Tún Wá Kọ Orúkọ Wa Lẹ́yìn Tí Wọ́n Gbé Ẹ̀rọ Ìyá Alákàrà Lọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, inú ń bí mi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní agbègbè Ìsọ̀kùn níbí ní Iléṣà, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń gba owó ẹ̀yáwó gbé ọkọ̀ wá sí ojúlé ìyá alákàrà wa. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ní òun ò ní dìde àfi bí owó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá náà jẹ bá pé. Obìnrin yìí tú agolo tó ń kó owó sí sórí ọ̀pọ́n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,200 náírà. Ó ń kà á, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀wà tó ti bó wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba 3,200 náà, wọ́n tún tú ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀wà, wọ́n gbé e sọ́kọ̀. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni ì bá fi wá owó tí yóò san fún wọn!

Ọjọ́ kejì, tí omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé pẹ̀lú ìwé gbọọrọ. Wọ́n ní ètò ìrànwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ti dé, kí a wá kọ orúkọ. Orúkọ! Ní ọdún 2018, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ẹ̀yáwó 10,000 náírà jáde fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, a kọ orúkọ. Ní 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún, tí wọ́n sì kéde 25,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta fún mílíọ̀nù 15 ìdílé, a tún kọ orúkọ, a ka nọ́ńbà NIN wa fún wọn, wọ́n ya fọ́tò wa. Ní òpópónà tèmi, n kò mọ ẹyọ ẹnì kan tí owó wọlé fún. Orúkọ ni wọ́n máa ń gbà lọ, a kì í rí owó. Nígbà míì ìrẹsì máa ń dé, ìwọ̀n kóńgò méjì tàbí mẹ́ta fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ẹ ó sì kọ́kọ́ gbé e sáyà kí wọ́n ya yín ní fọ́tò. Ìrẹsì tí a jẹ tán lọ́jọ́ Sátidé, kí ni yóò ṣe fún wa lọ́jọ́ Ajé?

Owó gbọ́múlélántà ni ìyá yìí yá, ẹ̀yáwó elélé gọbọi tí wọ́n ń fipá gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ti ìyá yìí. Ó yá 100,000 náírà. Kí wọ́n tó kà á fún un, wọ́n ti yọ 10,000 pé ìpamọ́ ni, wọ́n yọ 3,500 owó fọ́ọ̀mù. 86,500 ló gbé délé. 5,500 ni yóò máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn 132,000. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni sísan bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ ò tíì sanwó ilé ìwé tán nínú owó náà. Bí òjò rọ̀ ní àárọ̀ tí àkàrà ò tà, kò kàn wọ́n. Bí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ yáwó ò bá rí tirẹ̀ san, gbogbo àwọn yòókù ni yóò jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àwọn kan á sọ pé Ìjẹ̀ṣà ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, pé ṣebí òṣómàáló ni wá. Òótọ́ ni, àwọn baba wa a máa lóṣòó sílé onígbèsè títí owó wọn yóò fi pé. Bàbá tó bí mi náà ta aṣọ láwìn ní ilẹ̀ Èkìtì, mo sì mọ̀ pé a kì í fi wọ́n ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún wa ni pé aṣọ ni òun kọ́kọ́ ń fi lé oníbàárà lọ́wọ́, iye tí wọ́n jọ dá lé e kì í yí padà, ìgbà tí àgbẹ̀ bá ta kòkó ni òun sì ń lọ gbowó. Ó mọ ìgbà tí owó ń wọlé fún ẹni tó jẹ ẹ́. Kò gbé àdá àgbẹ̀ rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni pé èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Ìyá alákàrà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá nínú oṣù kẹsàn-án. Ó ní 40,000 náírà nílẹ̀, òfin wa sì ni pé ènìyàn lè yá ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, pẹ̀lú onídùúró méjì. 80,000 tọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ìwé fún un pé kò sówó nílẹ̀. Oṣù tí iléèwé ń wọlé ni gbogbo wa máa ń fẹ́ yáwó lẹ́ẹ̀kan náà. A jẹ́ 34, owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti ènìyàn mẹ́jọ lọ. Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn.

Owó tí wọ́n fi ń ra ìrẹsì, owó tí wọ́n fi ń tẹ fọ́ọ̀mù orúkọ, kí ìjọba gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òpópónà àti ti ọjà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Àtàkúmọ̀sà, kí a fi ṣe owó ìyípo, tí ẹnì kan bá san án kí ẹlòmíràn yá a, kí a sì dá a padà lọ́dún mẹ́ta. A ò sọ pé kí wọ́n ta wá lọ́rẹ. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà. Ìjọba ní òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ó kó o jẹ. Ẹgbẹ́ wa ń gba náírà 5 lórí 100, oṣù méjìlá la fi ń san án, èrè rẹ̀ ò sì jáde nílé, oṣù Ọ̀pẹ ni a máa ń pín in. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin aláta kan yá 60,000. Nígbà tó ku bí ìdajì, ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí àjà ibi tó ti ń mọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. A jókòó, a fi oṣù mẹ́ta kún un fún un. Ó san án tán pátápátá. Ẹ fi han mi, ayánilówó gbọ́múlélántà wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí wọ́n tún dín owó tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ kù fún àwọn tó ń pàtẹ sílẹ̀. Kí ẹni tó bá ń yáni lówó sì kọ iye tí a ó san lápapọ̀ ní èdè Yorùbá kí a tó tẹ̀ka. Kí ìjọba sì fòfin de kíkó irinṣẹ́ ènìyàn nítorí gbèsè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá kọ orúkọ, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìwé orúkọ wa wà níbẹ̀, iye tí olúkúlùkù fi pamọ́ wà níwájú orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, owó ẹ̀rọ ni a fẹ́ dá fún ìyá alákàrà. Ẹ mú tiyín dání wá.

Èmi ni,
Aránṣọ kan, akápò ẹgbẹ́,
Ìsọ̀kùn, Iléṣà.