Àṣàkẹ́, Pe Oníbàárà Rẹ

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ò jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ.

Mo ti ro gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. O ní owó tí o ń san fún ìpolówó àdìrẹ wa lórí Facebook àti Instagram ń ga sí i, àwọn èèyàn ń wo àwòrán aṣọ, wọ́n ń béèrè iye, ẹni tó sì rà lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá. O wá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn sórí WhatsApp, kí ìwọ lè ráyè polówó sí i. Mi ò lòdì sí ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá béèrè iye owó lóru, kí ẹ̀rọ dá a lóhùn, kò burú. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má fi ẹ̀rọ rọ́pò ara rẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìpolówó lè mú èèyàn dé ìsọ̀ rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni yóò jẹ́ kó padà wá.

O mọ ọjà wa. Àdìrẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ. Kámpálà tí mo pàtẹ, ẹni tó kọjú sí mi ní irú rẹ̀, iye wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ obìnrin kan wà tó máa ń ti Ṣágámù wá. Wọ́n á máa pè é lọ́tùn-ún lósì pé kó wá wò ó níbí, kò ní yà, ó di ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ìnáwó, àwọ̀ wo ni ìdílé ọkọ mú, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ ká kó aṣọ fún un, òjò ò dáwọ́ dúró. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ ò bá gbẹ dénú kó tó wọ ìkòkò aró, aró á wọ abẹ́ rẹ̀, ọnà náà á sì bàjẹ́. Mi ò dúró kó pè mí. Mo pè é, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yín ò tíì gbẹ, mi ò sì fẹ́ fi iṣẹ́ tí ò dáa ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fún mi di Ọjọ́bọ̀.” Ó bínú díẹ̀, ó gbà. Ní Ọjọ́bọ̀, aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo tún pè é pé ẹ kú ìnáwó, ẹ kú oríire. Mi ò dárúkọ ọjà rárá. Láti ìgbà yẹn, aṣọ ìkómọ ni, aṣọ òkú àgbà ni, aṣọ ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Àwọn tó sì ti mú wá bá mi, mi ò ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó kí n tó rí wọn.

Irú ìwé yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o ní. Fóònù lè gbà á pamọ́ fún ọ bí o ò bá fẹ́ fọwọ́ kọ ọ́. Kọ orúkọ tí oníbàárà fẹ́ kí a máa pe òun: ẹlòmíì ń fẹ́ Àlàájà, ẹlòmíì Ìyá Ìbejì, ẹlòmíì Dókítà. Kọ ohun tó rà, ohun tó fẹ́ fi ṣe, àti ohun tó bá sọ fún ọ nípa ara rẹ̀. Bí o bá gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, pè é, kí i, kí o sì sọ fóònù kalẹ̀. Èèyàn máa ń mọ̀ bí ìkíni bá ní ọjà lábẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí o bá fẹ́ tà nìkan ni o ń béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀, ó sàn kí o má béèrè.

Mo rí àwọn ọ̀rọ̀ tí o máa ń fi ránṣẹ́. “Hello dear, new stock!” Ó ká mi lára, Àṣàkẹ́. Ẹni tó lè bí ọ lọ́mọ wà nínú wọn. Ohùn rere ní í yọ obì lápò. Kọ ọ́ pé “Ẹ káàárọ̀ mà,” dárúkọ wọn, kí o sì sọ ohun tó kan àwọn nìkan: “Búlúù tí ẹ fẹ́ràn lọ́jọ́sí ti dé.” Ó máa gba àkókò ju kí o da ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo èèyàn lọ. Ya àkókò náà sọ́tọ̀. Bí o bá kọ sí èèyàn mẹ́wàá báyìí lóòjọ́, ó tó.

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, wá ra àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Àwọn ìyá wa ń gba aṣọ funfun láwìn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n ń tà á, wọ́n ń san gbèsè. Orúkọ rere ló gbé òwò yẹn. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú aró, dé, àwọn kan ń lò wọ́n láìmọ ìwọ̀n, aṣọ ń gbó kíá lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé tún dẹnu kọlẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de àwọn èròjà náà, àwọn aláró ò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Ohun tí mo máa ń rò nípa rẹ̀ ni pé ẹni tó rẹ aṣọ náà ò rí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ta ni yóò ti Senegal wá bá ọ jà torí aṣọ kan? Á kàn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ ṣe rí lórí fóònù. Nítorí náà, bí aṣọ bá ti dé ọwọ́ oníbàárà tó ti fọ̀ ọ́, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé kò ṣí? Bó bá ní ó ṣí, má bá a jiyàn. Gbà á padà, ká tún un rẹ.

Èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, a ò lè bá wọn du owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n wọn ò lè fi ẹni tó ṣe aṣọ han oníbàárà. Ìwọ lè fi hàn án. Nígbà tí aṣọ bá ń jáde nínú aró ẹ̀lú, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dà bí ewé, tí afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di búlúù lójú wa, èmi á ya fídíò rẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni aṣọ náà gan-an, kó rí i pé tòun nìyí. Sì máa fi ènì sí i. Àgékù aṣọ tó tó fìlà ọmọdé kò dín èrè wa kù.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí: bí mo bá sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò ní máa gba àwìn? Wọ́n á béèrè. Èyí le, mi ò ní tàn ọ́. Èmi ò kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ títí owó aṣọ funfun àti aró yóò fi wọlé. Èrè mi nìkan ni mo lè fi dúró de ẹni tí mo mọ̀. Sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, lọ́rọ̀ kan. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn lọ, jẹ́ kó máa lọ.

Àwa Ẹ̀gbá ló yẹ ká mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Àáró ni Líṣàbí fi bẹ̀rẹ̀, kí àgbẹ̀ máa bá àgbẹ̀ roko ní yíyí po. Níbi tí wọ́n ti jọ ń roko ni wọ́n ti mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, kí wọ́n tó jọ gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́.

Mo ti di páálí kan, mo fi rán awakọ̀ ní gáréèjì Láfẹ́nwá níbí sí ọ, lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la bó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí tí mo so okùn pupa mọ́ ni ti obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde tó ní tìṣáájú ṣú jù. A ti dín ìgbà tí a rì í sínú aró kù. Pè é kí o tó fi ránṣẹ́, fi àwòrán rẹ̀ hàn án ní ojúmọmọ, má yà á lábẹ́ iná, kí o sì jẹ́ kí n mọ ohun tó bá sọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ