Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń dá àkùrọ̀ ní Iléṣà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó. Òjò ti dé, àkùrọ̀ rẹ kò ní nílò pọ́ǹpù mọ́ títí di Oṣù Kọkànlá. Jọ̀wọ́, má kàn gbé e jù sí kọ̀rọ̀. Àsìkò tí ẹ́ńjìnnì kékeré bá jókòó láìṣiṣẹ́ ló máa ń bàjẹ́ jù.

Bẹntiróòlù ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀rù. Tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ju oṣù kan sí méjì lọ, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìyókù á máa lẹ̀ bí oje igi, á sì dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù ẹlòmíì fi ń jí kìkì ìgbà tí wọ́n bá fa ṣóòkù tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, tí wọ́n bá dá a padà, ó kú.

Tan pọ́ǹpù rẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fa omi mímọ́ kí yanrìn inú rẹ̀ lè jáde. Ti ẹnu epo, jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀. Bó ṣì ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́, da ọ́ìlì dúdú nù, kí ìdọ̀tí bá a jáde. Omi àti ásíìdì inú rẹ̀ ló ń jẹ irin. Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 5.5 sí 6.5 sábà máa ń gba nǹkan bíi lítà 0.6 ọ́ìlì SAE 30. Gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, rọ ọ́ dé etí ihò.

Nígbà tó bá tutù, tí kò sí iná nítòsí, da epo táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, kí o lò ó lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, tú bóòtù tó wà lábẹ́ kábúrétọ̀, sípánà 10 ló sábà máa ń bá a mu. Má fò ó o: bí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ti kú fúnra rẹ̀, epo díẹ̀ ṣì máa ń kù nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Yọ púlọ́ọ̀gì, da síbí tíì méjì ọ́ìlì tuntun sínú ihò rẹ̀, rọra fa okùn bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Dá púlọ́ọ̀gì padà, tún fa okùn títí yóò fi le, kí o sì dúró síbẹ̀. Fáàfù méjèèjì, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà, ti padé nìyẹn, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin kò ní ráyè dé sílíńdà, ibi tí epo ti ń jó.  Bí ọ̀rinrin bá wọlé, ìpẹtà kò ní ṣàánú àwọn ríìngì inú sílíńdà.

Tú ìdérí ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù kí omi jò tán. Fi ọṣẹ fọ fóòmù fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, jẹ́ kó gbẹ, ki í sínú ọ́ìlì, fún un dáadáa. Orí pákó ni kí o gbé e sí. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì máa ń tutù. Àpò ìdọ̀họ ni kí o fi bò ó, ọ̀rá ń há ọ̀rinrin mọ́ ọn. Fi àkísà dí ẹnu èéfín, èkúté fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Tí ẹ̀rùn bá dé, epo tuntun ni kí o rọ. Kí o tó fa okùn, bu omi kún pọ́ǹpù. Bó bá yí ní gbígbẹ, síìlì tí kì í jẹ́ kí omi jò á jóná. Èéfín tí yóò kọ́kọ́ rú, ọ́ìlì inú sílíńdà ló ń jó, yóò dáwọ́ dúró.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.