Ọlọ Atẹ́gùn Trapani: Omi Ni Ọ̀pọ̀ Wọn Ń Fà, Kì Í Ṣe Iyọ̀ Ni Wọ́n Ń Lọ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọlọ atẹ́gùn etí òkun tí ó wà ní Trapani, ní erékùṣù Sísílì lórílẹ̀-èdè Ítálì, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò dá, èyí tí ó sọ pé lílọ iyọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wọn fún. Òótọ́ ni pé àwọn kan lọ iyọ̀. Ọlọ tí ó wà ní oko iyọ̀ Ettore àti Infersa nítòsí Marsala jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Omi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ń fà. Orúkọ wọn ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé àwọn ará Ítálì fúnra wọn ń pè wọ́n ní “mulino”, tí í ṣe ọlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn nínú wọn kò fojú kan ọmọ ọlọ rí.

Oko iyọ̀ jẹ́ ọ̀wọ́ adágún tí oòrùn ti ń fa omi òkun gbẹ títí yóò fi ku iyọ̀. Omi òkun a máa gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un wọ adágún àkọ́kọ́, èyí tí ó tóbi jù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní “fridda”, ìyẹn ni pé ó tutù. Láti ibẹ̀, kò lè dá gòkè lọ sínú adágún tí ó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ọlọ nìyẹn. Atẹ́gùn á ti apá onígi mẹ́fà tí wọ́n ta aṣọ sí bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Apá wọ̀nyí á yí àgbá eléyín, àgbá á yí òpó àárín ilé, òpó á sì yí síkúrúù gbọọrọ kan tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wọ inú omi, tí ó ń gbé omi gòkè bí ó ti ń yí. Orúkọ Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe síkúrúù náà, ọmọ Sísílì sì ni ọkùnrin yẹn, ní ìlú Sirakúsà. Ohun èlò náà kò kúkú jìnnà sílé.

Kí a tó lè mọ bí iṣẹ́ yìí ti tó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nǹkan bí gíráàmù 27 iyọ̀ jíjẹ ni ó wà nínú lítà omi òkun kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ọ̀nù kan yóò kó omi tí ó ju lítà 35,000 wọlé, oòrùn yóò sì fa nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ gbẹ kí iyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Àkókò tún ṣe pàtàkì, nítorí pé bí omi náà bá pẹ́ jù nínú adágún ìkẹyìn, magnésíọ̀mù inú rẹ̀ á mú kí iyọ̀ náà korò, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ da omi kíkorò nù kí ó tó bà á jẹ́. Ta ni yóò fi korobá ṣe èyí? Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé atẹ́gùn kan náà tí ń yí ọlọ ni ó ń bá oòrùn gbé ọ̀rinrin kúrò lójú adágún. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń kó iyọ̀ jọ ní òkìtì, tí wọ́n sì ń fi páànù amọ̀ bò ó kí òjò má baà yọ́ ọ.

Ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó ń fa omi ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ báyìí. Láti ọdún 1995 ni oko iyọ̀ Trapani àti Paceco ti di ibi ìpamọ́ ohun àdáyébá, tí àjọ WWF ń bójú tó, ilé ọnà iyọ̀ kan sì wà ní Nubia. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọlọ tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n sì yọ síkúrúù rẹ̀ kúrò, ilé lásán ni.

Bí ẹ bá tún fẹ́ lo àwòrán ọlọ tí ẹ fi sí àpilẹ̀kọ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ka sí ohun gbọọrọ tí ó rì sómi lẹ́sẹ̀ ilé náà. Síkúrúù tí mò ń wí nìyẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín